Omi Iyọ̀ Ìdájí



Ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ilẹ̀ kò tíì mọ́, àkùkọ kò tíì kọ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí fóònù mi dún. Àbúrò ìyá mi ni, obìnrin tí ń ta ẹja yíyan ní ìhà Ọ̀báléndé, ẹni tí kì í pe ènìyàn lóru àfi bí ẹnìkan bá kú tàbí bí ẹnìkan bá bímọ.

"Ṣé o ti wẹ̀?" ni ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ìwẹ̀ wo nìyẹn ní aago mẹ́rin?"

"Dìde ńlẹ̀. Da iyọ̀ sómi gbígbóná, kí o fi wẹ̀, kí o sì mu nínú rẹ̀. Ẹ̀bólà ti wọ̀lú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Gbogbo ayé ni. Ìwọ tí ò ń ṣiṣẹ́ rédíò ni kò gbọ́?"

Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, oòrùn ti yọ. Mo bá ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìrẹsì àríyá lórí ààrò ẹ̀yìnkùlé, iyọ̀ tí kò yọ́ dì mọ́ etí rẹ̀ bí ẹfun, agolo mílíìkì tí wọ́n fi ń bù ú sì dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayálégbé inú ilé náà ni ó ti jí, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti mu, àwọn ọmọdé ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, òun alára, tí oníṣègùn ti ka iyọ̀ léèwọ̀ fún láti bí ọdún mẹ́ta nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ti gbé agolo kan mì láìbojúwẹ̀yìn, ó wá jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lérán, ó ní orí òun ń lù bí àgídìgbo. Tiwa tilẹ̀ sàn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni àwọn ìwé ìròyìn ti ń gbé e pé ènìyàn méjì ti kú ní Jos nípa omi iyọ̀ yìí kan náà, tí nǹkan bí ogún sì ti dèrò ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀bólà kò dé Jos rárá.

Ó rọrùn láti fi àwọn tó mu iyọ̀ ṣẹ̀sín, ọ̀pọ̀ wa ni a sì fi wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣáájú ìdájí náà. Ní ogúnjọ́ oṣù keje ni ọkùnrin kan tí ó ti ń ṣàárẹ̀ ti Liberia wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó. Ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà ni ó kú sí ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀báléndé, níbi tí Dókítà Ameyo Adadevoh ti kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní jáde, láìka gbogbo bí wọ́n ti ń fúngun mọ́ ọn sí. Láti ọjọ́ náà ni àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lé wa lórí bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá: òkú tí ó nà gbalaja lójú pópó ní Monrovia, àwọn ènìyàn tí wọ́n fi aṣọ funfun bo ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí egúngún tí kò ní àtọ́kùn, àkọlé gàgàrà tí ó ń bi wá léèrè bóyá òpin ayé ni ó dé. Wọ́n sọ ti ọwọ́ fífọ̀ fún wa, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú ewé ni wọ́n fi í sí, pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tí mo ń sọ yìí gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde Ẹ̀bólà gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì fún gbogbo ayé, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan náà sì kéde tirẹ̀ fún Nàìjíríà. Ìkéde méjèèjì bá omi iyọ̀ nínú ikùn àwọn ènìyàn ni. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a ti fi gbin ẹ̀rù sí wọn láyà, ẹ̀rù náà hù, ó yọ ewé, ó ń wá ohun tí yóò rọ̀ mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ àjèjì kan sì na igi sí i, ó ní, "Èyí rèé, iyọ̀ ni." Ẹni tí ẹ̀rù ń bà fẹ́ ṣe nǹkan ni. Bí ẹ kò bá fún un ní nǹkan kan pàtó ṣe, yóò ṣe èyí tí ẹlòmíràn bá fún un.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí á ya ìkìlọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdẹ́rùbà, nítorí pé ènìyàn a máa fi èkejì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi èkíní rán an. Ẹni tí ó wí fún ọ pé ejò wà lẹ́yìn àká, tí ó gbé àtùpà lé ọ lọ́wọ́, tí ó sì júwe ọ̀nà tí o lè gbà kọjá, ó kìlọ̀ fún ọ. Ẹni tí ó kàn fi igbe ta nínú òkùnkùn pé "Ejò! Ejò!" tí ó sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, àní bí ejò bá tilẹ̀ wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ọmọ rẹ ni o máa tẹ̀ pa. Èmi kò sọ pé ẹ̀rù burú. Ẹni tí kò bẹ̀rù iná ni iná ń jó. Mo ń bèèrè ẹni tí ó di okùn rẹ̀ mú, àti ibi tí ó ń fà wá lọ ni.

Kì í sì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní fífi àrùn dẹ́rù bani. Àwọn bàbá wa mọ Ilẹ̀gbóná, Olóde, Ọbalúayé, ọba tí a kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an nígbà tí oòrùn bá mú, tí a kì í ṣunkún òkú tí ó bá mú lọ, ìyẹn Ṣọ̀pọ̀ná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n pè é lẹ́ẹ̀kan nítorí ọ̀rọ̀. Àwọn àwòrò rẹ̀ ní ń sin òkú, àwọn náà ní ń kó ẹrù òkú, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dúró wò wọ́n lójú. Ìgbà tí Dókítà Oguntola Sapara, oníṣègùn òyìnbó tí ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, dọ́gbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ wọn ní Èkó láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni àṣírí tú pé àwọn kan nínú wọn ń fi ọwọ́ ara wọn tan àrùn náà kálẹ̀. Ìjọba amúnisìn gbọ́, wọ́n fi òfin de ìsìn náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin yẹn fi ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n rọ́pò ẹ̀rù òrìṣà lásán ni; ẹni tí ó ń bọ ọ́ ní ọ̀sán tẹ́lẹ̀ wá ń bọ ọ́ lóru, ẹni tí ilẹ̀gbóná sú sára ọmọ rẹ̀ sì ní ọba méjì tí ó ń sá fún báyìí, ọ̀kan nínú igbó, ọ̀kan ní ọ́fíìsì.

Ẹ wá wo ọdún 1918. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ ojú omi tí ó ti Gold Coast bọ̀ gbé àrùn ọ̀fìnkìn àgbáyé nì wọ èbúté Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n. Àwọn wólé-wólé tú síta, wọ́n ń wọlé láti ojúlé dé ojúlé láti wá aláìsàn. Ta ni kò mọ ohun tí ojú rí lọ́wọ́ wólé-wólé nígbà ayé àwọn bàbá wa, àwọn tí ó ń yọjú wo inú ìkòkò omi ẹni bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi owó ìtanràn dá ìyá arúgbó lẹ́bi? Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà tí ó ní òun fẹ́ rí aláìsàn, ẹ kò ní sọ fún mi pé ẹ máa gbé aláìsàn jáde. Wọ́n gbé e pamọ́. Ọ̀pọ̀ di ẹrù, wọ́n sá kúrò ní Èkó, àrùn tí ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú sì bá ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí ìlú òkè. Àwọn òpìtàn tí ó ṣírò rẹ̀ ní àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù.

Àwọn ìjọba mìíràn ní ọdún kan náà yan ọ̀nà kejì, wọ́n ní kò sí ohun tí ó ń bani lẹ́rù. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ń jagun kò fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ pé ọmọ ogun wọn ń kú lórí ibùsùn, wọ́n di ìwé ìròyìn lẹ́nu. Spain kò sí nínú ogun. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ kọ ohun tí ó rí. Ohun tí Spain sì rí gbà fún òtítọ́ tí ó sọ ni pé gbogbo ayé fi orúkọ rẹ̀ sọ àrùn náà títí di òní. Ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fagi lé ìwọ́de ìkówójọ fún ogun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, ìjọba ìlú náà kò gbọ́, ìwé ìròyìn kò sì gbé ẹ̀bẹ̀ wọn jáde. Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, àní 200,000 ènìyàn, ni ó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lé ní 12,000 tí ó kú ní ìlú kan ṣoṣo yẹn. Mo mú èyí wá kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé "ẹ fọkàn balẹ̀" ni oògùn ìdẹ́rùbà. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì fi pamọ́, orin nìkan ni ó yàtọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí bí Éèdì ti wọlé. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, orúkọ a sì máa ro ni. Kí ni a sọ àlejò yìí? A sọ ọ́ ní àrùn kògbóògùn. Àwa oníròyìn la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwa la fi ìlù àti orin gbé e kiri, a ya agbárí òkú àti egungun méjì tí ó dábùú ara wọn sí ara ògiri ilé ìwòsàn, a rò pé bí ẹ̀rù bá ti bà wọ́n tó ni wọn yóò ṣe kó ara wọn níjàánu. Ẹ ro ó wò ná. Ènìyàn tí ó fura sí ara rẹ̀, tí ó sì ti gbọ́ láti ẹnu wa pé ohun tí ó ń ṣe òun kò gbóògùn, kí ni yóò tún wá lọ ṣe ní ilé ìwòsàn? Kí wọ́n lè sọ ọjọ́ ikú rẹ̀ fún un? Ó jókòó sílé. Nígbà tí ó fi di ọdún 2002 tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn tí ń dá kòkòrò náà lọ́wọ́ kọ́, tí ènìyàn lè lò kí ó sì dàgbà kí ó darúgbó, orúkọ náà ti wọ egungun, a kò sì rí i yọ mọ́. Títí di òní olónìí ni àwọn akẹgbẹ́ mi ń kà á nínú ìròyìn, "àrùn kògbóògùn", lójú ẹni tí ó ti ń fi omi gbé oògùn rẹ̀ mì láràárọ̀ láti ogún ọdún.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo rí nígbà náà tí ó gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá, Abàmì Ẹ̀dá, kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Líṣàbí, tí ó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, dúró níwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ kejì ikú náà, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé Éèdì ni ó pa àbúrò òun. Kò ya agbárí. Kò kígbe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀ ọ́, wọ́n ní irọ́ ni, àwọn kan bínú sí i pé ó tú àṣírí ìdílé, ṣùgbọ́n àrùn tí a ti ń fi í sọ ẹni tí a kò mọ̀ wá ní ojú, ó ní orúkọ, ó ní ẹ̀gbọ́n tí ń ṣọ̀fọ̀.

Mo fẹ́ padà sí Ọ̀báléndé, nítorí mi ò tíì sọ ìdí tí àbúrò ìyá mi fi ṣíwọ́ iyọ̀. Mínísítà ètò ìlera ìgbà Ẹ̀bólà bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò, kò gbọ́. Èmi bá a sọ̀rọ̀ ní ẹnu, ó ní ọmọdé ni mí. Bàbá kan wà ní ilé kejì tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn tí wọ́n ní láti máa ṣọ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún nítorí Ẹ̀bólà, ọmọbìnrin kan sì ń wá láràárọ̀ láti wo ara rẹ̀. Aṣọ àǹkárá ni ó ń wọ̀, kò bora bí egúngún. Yóò dúró ní ìwọ̀n apá méjì, yóò na ẹ̀rọ kékeré kan sí iwájú orí bàbá náà, yóò kọ ohun tí ó rí sínú ìwé, yóò bèèrè bí oúnjẹ ti ń wọlé fún un, lẹ́yìn náà ni yóò kí àwọn ará ilé tí ó yí i ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, àbúrò ìyá mi dá a dúró, ó bi í nípa iyọ̀. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí a kọ́, ó ní, "Màámi, ẹ fi iyọ̀ yín sọbẹ̀. Bí ara yín bá gbóná, ẹ pè mí, nọ́ńbà mi nìyí." Ó parí. Agolo mílíìkì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó ṣọ́ nǹkan bí 900 ènìyàn ní Èkó àti Port Harcourt, tí wọ́n sì kan ilẹ̀kùn ní ìgbà tí ó tó 18,500. Ogún ènìyàn péré ni Ẹ̀bólà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Adadevoh sì wà nínú wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ikú tí ì bá pani, tí ó ṣíni ní fìlà. Mi ò rántí pé mo rí àwòrán ẹnìkan nínú àwọn akànlẹ̀kùn náà ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn kankan.

Ó wá di ọdún 2020, Kòrónà dé. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta ni kónílé-ó-gbélé mú Èkó, Ògùn àti Abuja. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀bi àsìkò yẹn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ síbí. Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ní ìlù kan tí a fi ń ṣáájú iye àwọn tí àrùn mú, ìlù tí ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ kéde pé ọba wàjà. Èmi ni mo ń kà á ní alaalẹ́. Mo máa ń fa ohùn sí iye àwọn tí ó kó o àti àwọn tí ó kú. Nígbà tí mo bá dé orí àwọn tí ó gbádùn tí wọ́n ti padà sílé, n ó sáré kọjá níbẹ̀ bí ẹni tí ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀ fún mi. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán èmi, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà ní Peckham àti káàkiri, wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí ń gba ìjọba nímọ̀ràn kọ ọ́ sínú ìwé pé ewu náà kò tíì wọ àwọn kan lára tó, ó sì yẹ kí a mú kí ó wọ̀ wọ́n lára sí i. Tiwa kò nílò ìwé. Sójà àti ọlọ́pàá ni a fi kọ ọ́. Láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹta sí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin, gẹ́gẹ́ bí Àjọ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà ti ròyìn rẹ̀, àwọn agbófinró pa ènìyàn 18 nítorí à ń mú òfin ìséde ṣẹ. Ní àsìkò tí ìròyìn náà jáde, ènìyàn 12 ni ìjọba kéde pé Kòrónà tíì pa.

Ebi sì wà nílẹ̀, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ní òru àárín oṣù kẹrin yẹn ni ìròyìn gba Agége, Ìfọ̀ àti Sàǹgó Ọ̀tà kan pé àwọn jàǹdùkú tí wọ́n ń pè ní One Million Boys ń bọ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò jáde, wọ́n mú àdá, wọ́n mú igi, wọ́n dáná sun táyà ní gbogbo oríta, wọ́n dúró ti ara wọn gbágbágbá, èjìká kan èjìká, láìsí ìbòmú lẹ́nu ẹnìkan, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni olè kò dé rárá. Ẹ̀rù kan ti lé èkejì jáde nílé, gbogbo ohun tí a sì ti fi ìlù kọ́ wọn nípa jíjìnnà síra ẹni jóná mọ́ táyà.

Ẹ̀rù tí ó bá pẹ́ lórí àtẹ a máa rà. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá tí àwọn ènìyàn ya wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, tí wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà tí wọ́n tò jọ bí òkè níbẹ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, wọ́n ní Kòrónà kò sí rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin balẹ̀ sí Abuja. Mo pe àbúrò ìyá mi lórí fóònù, mo ní kí ó lọ gbà á, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀, àti bí ọ̀rá ti ń ta níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará rédíò, ọdún kan gbáko lẹ fi ń ka òkú fún mi. Mi ò gbà yín gbọ́ mọ́, má bínú. Ọmọbìnrin tó máa ń wá wo ara bàbá ilé kejì nígbà Ẹ̀bólà yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò gbà á síṣẹ́ mọ́ ni?"